Ọtí Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tí O Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Àkànní ọmọ mi,

Ọmọ ìlú wa tó ń dáná sí ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó máa ń bá wa gbé ìròyìn wá láti òkè Ọya, ló mú lẹ́tà rẹ dé lánàá. Kí n tó ṣí i, ìyá rẹ ti gbé àpótí síwájú mi, ó ti jókòó, ó ti we gèlè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìwàásù. Ó ní kí n rọra kà á, kí n má fo ọ̀rọ̀ kankan. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó wá bi mí bóyá ó ti tán náà nìyẹn. Mo ní ó ti tán. Ìlà mẹ́ta péré ni: pé ìyàwó ọ̀gá rẹ tuntun ní Mínà fẹ́ràn ọtí olómi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ń fi ewé tútù sí, pé kí n kọ bí a ti ń pò ó àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ kó má bàjẹ́, pé kí n kí ìyá rẹ. Mo kí i. Ó ní o ṣeun.

Mo bá ọ yọ̀ fún iṣẹ́ tuntun náà. Kí Olúwa jẹ́ kó tù ọ́ lára. Ṣùgbọ́n èmi ò ní kọ ìlà mẹ́ta ní tèmi o. Bí kíkà rẹ̀ bá rẹ̀ ọ́, gbé e sílẹ̀, lọ mu omi, kí o padà wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí mo ti ka lẹ́tà rẹ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọmọ yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ wa nìyí. Bí mo bá fún un tán, kí ni yóò tún mú un kọ̀wé? Kí ni yóò mú un wálé? Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. O ń wá mi nítorí ọtí. Èmi ń wá ọ nítorí pé mo fẹ́ rí ojú rẹ, kò sí ohun mìíràn. Máa fi ìyẹn sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

O mọ ọ̀gá mi àtijọ́, Òyìnbó tó ń bójú tó àwọn tó ń la ọ̀nà ojú irin, tí gbogbo Ẹdẹ ń pè ní Onírùngbọ̀n. O kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n o kò lè gbàgbé irùngbọ̀n pupa yẹn, nítorí o máa ń sá sẹ́yìn ìyá rẹ tí o bá rí i. Òun ló kọ́ mi ní ọtí yìí. Ó ní níbi tí òun ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní ilẹ̀ kan tí òkun yí ká tí wọ́n ti ń gbin ìrèké, òun ni wọ́n fi ń pa òùngbẹ. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣu ni mo mọ̀ ọ́n sè àti ọbẹ̀ tí yóò pọ́n ojú ẹni. Ohun tí ó mú un gbà mí síṣẹ́, èmi náà ò tíì mọ̀ títí di òní.

Ìkíní, ewé náà, èyí tó ní òórùn dídùn tó sì ń mú ẹnu tutù bí a bá jẹ ẹ́. Ọ̀gá mi gbé e wá nínú ìkòkò fífọ́ kan láti Èkó, ó gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Ó já díẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n fọ̀ ọ́. Ọmọ mi, ta ni yóò sọ fún ọmọ Ẹdẹ pé kó fọ ewé, tí ewúro kò ní sọ sí i lọ́kàn? Mo da omi sí i, mo bu iyọ̀ sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, mo rún un, mo fún un, mo da omi àkọ́kọ́ nù, mo bu òmíràn, títí omi fi mọ́ gaara. Inú mi dùn. Mo kó ohun tó kù sínú àwo, mo gbé e fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ewé, ó wo mí, ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó máa ń fẹsẹ̀ kọ béèrè ohun tí ewé náà ṣe mí. Àwọn tó ń gbé irin nísàlẹ̀ gbọ́, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi yí.

Nítorí náà, má fọ̀ ọ́ bí ewúro. Tẹ̀ ẹ́ sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀n ọ́n nù, gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ kan, kí o fi èkejì pàtẹ́wọ́ lé e. Òórùn rẹ̀ yóò jáde fúnra rẹ̀. Bí o bá rún un, oró ni yóò tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nǹkan ayé rí, Àkànní. Bí o bá fẹ́ aya (ìyá rẹ ní kí n béèrè, mo ti béèrè), má fi agbára wá ohun tó jẹ́ pé sùúrù ni yóò mú un wá. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé o lè fi efinrin rọ́pò ewé yìí. Mo dán an wò rí. Ọ̀gá mi ní òun ò ṣàìsàn, kí ló dé tí mo se àgbo fún òun.

Ìkejì ni ọsàn wẹ́wẹ́. Má mú èyí tí ó ṣì dúdú kirikiri. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀, tí ó fẹ́lẹ́, tí ó sì wúwo lọ́wọ́, ni kí o mú, irú èyí tó wà ní oko wa lọ́nà Ara. Fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí tábìlì kí ara rẹ̀ dẹ̀, kí o tó là á. Fún un, ṣùgbọ́n má fún un dé èèpo, nítorí ìkorò rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí o wá fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ibí yìí ni mo tún ti ṣìṣe. Aṣọ tí ìyá rẹ fi ń sẹ́ ògì ni mo mú. Ó funfun, ó mọ́, mo ti fọ̀ ọ́. Mo fi sẹ́ omi ọsàn, mo po ṣúgà mọ́ ọn láìtíì bu ọtí sí i, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo fi ìdérí dé e pinpin, mo sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìwọ náà mọ̀ pé ohun tó bá kan aṣọ ògì kì í gbàgbé bí a ti ń kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ọ̀gá mi sùn, ìgò náà bú gbàù. Ó sáré jáde tòun ti ìbọn, bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lásán. Omi ọsàn sì wà lára ògiri láti òkè délẹ̀. N kò tíì rí Òyìnbó tó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì sunkún ìtìjú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun méjì ni kí o mú níbẹ̀. Aṣọ tí o bá fi ń sẹ́ ẹ, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn tán. Èkejì, omi ọsàn àti ṣúgà kì í pẹ́ láìsí ọtí, pàápàá ní ilẹ̀ gbígbóná bíi ti ọ̀dọ̀ yín. Ọtí ló ń dá a dúró. Bí o bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, bu ọtí sí i lọ́jọ́ tí o bá pò ó.

Ní ti ṣúgà, má dà á sínú rẹ̀ ní gbígbẹ, yóò sùn sísàlẹ̀ ìgò. Wọn ife ṣúgà kan àti ife omi kan, gbé e kaná, rò ó títí yóò fi yọ́ tí yóò sì mọ́ bí omi òjò, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tutù pátápátá. Bí ṣúgà bá tán, oyin ìgàn ṣeé lò, ṣùgbọ́n dín in kù, nítorí oyin máa ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ife omi ọsàn kan, ife omi ṣúgà kan, ife ọtí méjì. Ọtí pupa tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀mù ni o, èyí tó ń wá nínú ṣágo, kì í ṣe ọtí funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìpèsè. Pò wọ́n pọ̀, gbọ̀n wọ́n dáadáa. Nígbà tí o bá fẹ́ gbé e fún wọn ni kí o tó bu omi tútù sí i títí yóò fi bá ẹnu wọn mu, ìgbà náà sì ni kí o tó fi ewé lé e. Ewé kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò tí o tọ́jú. Bí ó bá sùn níbẹ̀, yóò dúdú, yóò korò.

Ó ku títọ́jú. Ìgò tí o ti fi omi gbígbóná fọ̀ tí ó sì ti gbẹ ni kí o lò. Dé e, kí o fi ìda oyin lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ní ìhín, ìsàlẹ̀ àmù ìyá rẹ ni mo ń rì í sí, nínú iyanrìn tí omi ń ro sí tọ̀sán-tòru. Àmù rẹ̀ tutù ju èyíkéyìí tó wà nílé ọ̀gá mi lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ọtí Òyìnbó wálé wá tọ́jú. Bí ẹ kò bá ní àmù ní Mínà, fi aṣọ tútù wé ìgò náà, so ó rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé, kí o máa wọ́n omi sí aṣọ náà. Ìwọ yóò rí i bí yóò ti tutù.

Ṣùgbọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn o! Èmi kò so ó. Alàgbà ìjọ wa kan yà kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò sí nílé, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ìyá rẹ rí ìgò nísàlẹ̀ àmù, ó tọ́ ọ wò lórí ìka, ó rò pé omi ọsàn tí mo fi oògùn ikọ́ sí ni. Ó bu ife kan fún baba náà. Baba mu ún, ó ní kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ tó pò ó. Ó gba ife kejì. Wọ́n ní nígbà tí ó ń lọ, orin ìyìn ló ń kọ láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ilé rẹ̀, ó sì ń kí àwọn ewúrẹ́ ojú ọ̀nà ní ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún yà. Ó ní òun ò mọ irú òùngbẹ tó ń gbẹ òun láti àná. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bẹ́ẹ̀ òun ló bu ọtí, kì í ṣe èmi.

Èyí wá mú mi dé ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọwọ́ rẹ yóò máa wà nínú ọtí lójoojúmọ́. Má jẹ́ kí ẹnu rẹ bá a lọ. Bí a ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò nílé wa ni kí o ṣe é: kán an sí àtẹ́lẹwọ́, fi ahọ́n kàn án, ó tó. Ife ọ̀gá kò gbọdọ̀ kan ètè rẹ, ì báà jẹ́ pé ó ti mu tán. Mo rí àwọn ọmọkùnrin dáadáa tó fi ìsàlẹ̀ ife bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ ní orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ, jẹ́ wọn, ṣe iṣẹ́ rẹ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí o má gbàgbé pé ọmọ ni ọ́, pé o ní ibi tí wọ́n ti ń kì ọ́.

N kò fẹ́ kọ èyí tó kàn yìí. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́.

Nígbà tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ àtijọ́ ti Èkó ń lọ sí òkè Ọya, tí o ránṣẹ́ pé ọkọ̀ yín yóò dúró ní Ẹdẹ, ìyá rẹ kò sinmi. Ó lọ ẹ̀wà, ó dín àkàrà, ó di ẹ̀kọ, ó mú ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ tí ó ti ń tọ́jú sókè àjà fún ọ. Ó ró aṣọ tí ó fi lọ sí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó fọn fèrè lọ́nà jíjìn, a ti wà ní tẹ́ṣàn. Bí ó ti dúró, ìyá rẹ ń lọ láti fèrèsé dé fèrèsé, ó ń kì ọ́, ó ń pè ọ́. O yọjú ní ọkọ̀ àwọn Òyìnbó. Aṣọ rẹ funfun báláú, o gbé àwo tíì lọ́wọ́. Mo rí ojú rẹ, Àkànní. O wo ẹ̀yìn rẹ bóyá ọ̀gá rẹ ń gbọ́, o sì mi orí sí ìyá rẹ pé kó dákẹ́. Ó dákẹ́. Ó na igbá oúnjẹ sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kò ṣófo láti gbà á, ọkọ̀ sì ti ń lọ. Ó pín àkàrà náà fún àwọn alágbàrù. Ní gbogbo ọ̀nà títí a fi délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: ó ní o ti sanra.

N kò sọ ọ́ láti dá ọ lẹ́bi. Èmi náà ti gbé àwo fún Òyìnbó rí, mo mọ̀ pé ẹni tó gbé àwo kì í lè di ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, ohun yòówù tí ìyá rẹ ń ṣe, yóò dáwọ́ dúró títí yóò fi kọjá. Bí ó bá ń gúnyán, ọmọ odó yóò dúró lókè. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ta ló ṣẹ̀ ọ́ nílé? Bí ó bá jẹ́ èmi ni, sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ń tì ọ́ nítorí wa, sọ ìyẹn náà. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ìwé ò lójú.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo gbèrò lánàá. Nígbà tí Onírùngbọ̀n ń lọ sílé rẹ̀, ó fún mi ní ewé rẹ̀. Mo gbìn ín sẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn sí, ó sì ti gbilẹ̀ débi pé àwọn ìyàwó ilé ń já a fún inú rírun. Kì í hù láti inú ewé tó gbẹ, gbòǹgbò rẹ̀ ni a ń gbìn. Mo wá ní, ó dáa. N óò kọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọsàn, ṣúgà, ọtí, ìgò, ṣùgbọ́n n óò ní kó fúnra rẹ̀ wá wú ewé. Láìsí ewé, omi ọsàn lásán ni. Yóò wá. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ ọ́ fún ìyá rẹ.

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Baba Àkànní, ọmọ mi kì í ṣe ẹja. Ẹ fún un ní ewé rẹ̀."

Mo ní bí a bá fún un, tí kò bá wá mọ́ ńkọ́? Ó ní tí ó bá jẹ́ ewé ló gbé e wá, ewé náà ni yóò wá bá, kì í ṣe òun. Ó dìde, ó mú ọkọ́, ó lọ sẹ́yìn balùwẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń wà á. Mo jókòó síbi tí ó fi mí sí, mo sì bá a ṣa ẹ̀wà tó kù.

Òun náà nìyí nínú agolo tí ẹni tó gbé lẹ́tà yìí gbé fún ọ. Ìyá rẹ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wé gbòǹgbò rẹ̀, ó sì kó yẹ̀pẹ̀ ilé wa mọ́ ọn. Gbìn ín sí ibi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní jó o, bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò rọ, má bẹ̀rù, òmíràn yóò yọ. Láàárín oṣù díẹ̀, yóò tó fún ọ, yóò tó fún ìyàwó ọ̀gá rẹ, kò sì ní sí ohun tí o tún fẹ́ lọ́wọ́ wa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún, kí ó jẹ́ kí o rí ojú rere lọ́dọ̀ àwọn tí o ń sìn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n kọ orúkọ rẹ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun rí bí ó ti rí lórí ìwé: Àkànní. Ó ti fi ìka kàn án.

A ti fún ọ ní gbogbo rẹ̀, ọmọ mi, kò sí ohun kan tó kù nílé tí o ní láti wá mú. Nítorí náà, bí a bá rí ọ lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì yóò mọ̀ pé àwa ni o wá wò.

Èmi ni,
Baba rẹ, ní Ẹdẹ